Àjàlá, Alùpùpù Rẹ̀ àti Àwọn Ará Ilé

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Mazamaza

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Mile 2, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ gba àárín àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń lọ sí ìlà-oòrùn kọjá kí ẹ tó dé ibi, ẹ kú ewu ọ̀nà o.

Ìgbìmọ̀ ètò ní kí n sọ̀rọ̀ ìrántí nípa ọkùnrin tó fẹ́ràn ìdílé rẹ̀, tó sì fẹ́ràn alùpùpù. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn. Àga rẹ̀ ló ṣófo ní apá ọ̀tún yẹn láti èṣí. Ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wa níbí, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ọkọ òun lójú èrò, kí òun má bàa sunkún ba gèlè jẹ́. Mo ti gbà. Màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó bá yá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà jínjìn débẹ̀, torí òun náà kò fẹ́ràn ọ̀nà àbùjá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í jẹ́ kí ìpàdé kan kọjá kó má dárúkọ rẹ̀, ìyẹn Àjàlá.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń jà á. Ọ̀rẹ́ wa á ní kò sí ọmọ Yorùbá tó tó Àjàlá lórí alùpùpù. Ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti ibi tó ti ń bu ọbẹ̀ pé, "Ṣé Àjàlá yìí máa ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí ní ilé ìwé ọmọ rẹ̀?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ìyàwó yìí kò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí wọ́n ti fún mi ní iṣẹ́ yìí. Mo rò pé òun ló yẹ ká dáhùn lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa lè rò pé ìtàn àlọ́ ni Àjàlá, bíi ti Ìjàpá. Bí ọmọ kan kò bá gbélé, a ó ní "Àjàlá ni ẹ́." Olóyè Ebenezer Obey fi orin gbé orúkọ náà káàkiri títí tó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn bàbá wa tilẹ̀ ní Àjàlá mìíràn ṣáájú, Àjàlá alámọ̀, ẹni tó ń mọ orí ní ọ̀run. Tìkára Àjàlá tiwa kò mọ orí fún ẹnikẹ́ni, orí tirẹ̀ ló gbé kiri ayé. Ènìyàn gidi ni. Moshood Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ilẹ̀ wa níbí ló sì ti dàgbà kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà láti kàwé. Ó wà ní DePauw University ní ìpínlẹ̀ Indiana, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Roosevelt College ní Chicago.

Kì í ṣe alùpùpù ló kọ́kọ́ fi ṣe orúkọ, kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago, ó dojú kọ Los Angeles. Máìlì 2,280 ni ọ̀nà náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó, ó sún mọ́ kí ènìyàn kúrò ní Èkó lọ sí Kánò kó sì padà, lẹ́ẹ̀mejì, lórí kẹ̀kẹ́. Aṣọ ilẹ̀ wa ló sì wọ̀ sọ́rùn. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn láti lóye. Àwọn òyìnbó tó ń gbé láàárín wọn gbà pé ìhòòhò la wà nílẹ̀ yìí, pé orí igi la ń sùn. Ó ní kí wọ́n wo agbádá lórí kẹ̀kẹ́. Níbi tó bá ti dúró, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Lójú tèmi, iṣẹ́ alukoro ló ń ṣe yẹn, èmi tí mo di ipò náà mú nínú ẹgbẹ́ yìí sì mọ̀ pé owó oṣù kò sí nídìí rẹ̀.

Nígbà tó dé Los Angeles, àwọn onísinimá rí i. Wọ́n fún un ní ipa kékeré nínú fíìmù White Witch Doctor, èyí tó jáde ní 1953, tí Susan Hayward àti Robert Mitchum ṣe olórí eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò tẹ̀síwájú mọ́, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà sì pinnu láti dá a padà sílé. Ọkùnrin náà gun òpó rédíò tó ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80, ó ní òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ bí wọn kò bá jẹ́ kí òun dúró. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e. Níkẹyìn, ó sọ̀, wọ́n sì dá a padà náà. Ẹni tó bá rí ìlà ẹ́ḿbásì lónìí, tó rí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ta ilẹ̀ bàbá wọn nítorí físà, kò ní bú Àjàlá jù.

Ìlú London ló ti wá gun alùpùpù kékeré, irú èyí tí à ń pè ní Vespa, nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin. Ẹ̀yin tí ẹ kò gun ọ̀kan rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tó gbé kiri ayé. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Vespa ní 1946, ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wọn sì ni agbọ́n, nítorí ariwo rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ tó rí wẹ́lẹ́ńjẹ́. Táyà rẹ̀ kéré bí ti bárò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí gíà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ìgbà yẹn ń fẹ́ kí ènìyàn po òróró mọ́ epo bẹntiróòlù ní ìwọ̀n. Bí òróró bá kéré, ẹ́ńjìnnì á gán, bó bá pọ̀ jù, èéfín á bo àdúgbò, pọ́lọ́ọ̀gì á sì dọ̀tí. Fún ẹni tó ń lọ sí ọjà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbé e gba aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ìráànì kọjá, kó gbé e dé Rọ́ṣíà, kó gbé e dé Íńdíà, kó tún gbé e dé Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bí táyà bá jó nínú aṣálẹ̀, kò sí fọkanáísà.

Orílẹ̀-èdè 87 ni wọ́n ka sí i lọ́rùn láàárín ọdún mẹ́fà. Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò náà, Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira. Ọmọ ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso ni, ó ń lọ kanlẹ̀kùn àwọn olórí ayé. Ó rí Nehru ní Íńdíà, ó rí Nasser ní Íjíbítì, ó rí Khrushchev ní Rọ́ṣíà, ó rí Ṣáà ilẹ̀ Ìráànì, ó rí Golda Meir ní Ísírẹ́lì. Àlàyé tó ṣe nípa bó ṣe gun alùpùpù já ẹnubodè láti ilẹ̀ Jọ́dánì bọ́ sí Ísírẹ́lì, níbi tí kò sí ẹni tó máa ń gbà bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, le bí eré sinimá. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tó kọ, An African Abroad, tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1963. Kì í ṣe ìwé ìgbéraga lásán. Ó sọ̀rọ̀ àwọn tó fún un lóúnjẹ, ó sì sọ̀rọ̀ àwọn tó wo àwọ̀ ara rẹ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Apá kan nìyẹn. Iṣẹ́ báńkì ti kọ́ mi pé ìwé àkáǹtì ní apá méjì, owó tó wọlé àti owó tó jáde, ẹni tó bá ka ẹyọ kan ṣoṣo kò tíì ka nǹkan kan. Àjàlá fẹ́ ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, ó bímọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ó bímọ sílé. Lẹ́yìn tó padà dé, kò sí iṣẹ́ tó gbà á bí ọ̀nà ṣe gbà á. Àìsàn rọpárọsẹ̀ dá a dúbúlẹ̀ ní Èkó yìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó bí kò sí nítòsí. Ó kú ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkẹjà ní oṣù kejì ọdún 1999. Ẹni tí àwọn olórí ayé bọ̀ lọ́wọ́, tí gbogbo ilé ní Ilẹ̀ Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀, kò kú sínú ọlá.

Mo ti gbọ́ àwọn tó sọ pé bó bá jókòó sílé tọ́mọ ni, a kò ní mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwa tí a kò bá a tan la jogún orúkọ rẹ̀, a ń fi í kọrin, a ń fi í ṣàwàdà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló jogún àìrí i. Èmi kò dá a lẹ́jọ́, kò sí ẹni tó yàn mí ní adájọ́. Mo kàn ń sọ pé ìbéèrè ìyàwó ọ̀rẹ́ wa ti ní ìdáhùn, àti pé àwa náà, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ìdajì wa ń ronú àtilọ sí Kánádà tí ìdajì kejì sì ti ní ọmọ níbẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé ẹ̀rín nìkan la ó fi gbọ́ ọ.

Ní gbogbo ọdún tí Àjàlá fi ń káyé, àwọn ọkùnrin mìíràn wà ní ilé wa níbí tí wọ́n ń gun alùpùpù tí ẹnikẹ́ni kò kọrin fún. Ẹ̀yin tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mi mọ̀ wọ́n. Tíṣà ni wọ́n, wolé-wolé ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n, kátíkíìsì ni wọ́n. Bàbá tèmi wà lára wọn. Suzuki 100 ló ní, apá Ìkirè ló sì ti ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ọjọ́ Àìkú la máa ń mọ bí alùpùpù náà ṣe lágbára tó. Ẹni tó kéré jù nínú wa á jókòó sórí táńkì, á di irin ọwọ́ mú bí ẹni pé òun ló ń wà á. Bàbá tẹ̀lé e. Èmi wà láàárín. Màámi á jókòó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, Bíbélì àti abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́. Ènìyàn márùn-ún, alùpùpù kan. Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó bá wà nínú àlejò wa á máa mi orí. Ẹ máa bínú, ọ̀gá, nǹkan tó wà nílẹ̀ nígbà náà nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní alùpùpù, ẹ wo ojúgun rẹ̀ ọ̀tún. Àpá sàlẹ́ńsà á wà níbẹ̀. Tèmi ṣì wà, ó rí bí ewé. Kò sí ẹni tí wọn kò kìlọ̀ fún, kò sì sí ẹni tí kò jó.

Bàbá mi kò rin ìrìnàjò kankan tó kọjá Ìlọrin. Ṣùgbọ́n alùpùpù yẹn gbé màmá mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní òru, ó gbé iṣu láti oko, ó gbé mi lọ sí ìdánwò àṣewọlé nínú òjò, rọ́bà bò wá lórí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á yọ pọ́lọ́ọ̀gì, á fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, á fi gílásípépà họ ẹnu rẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọ tí ìdọ̀tí bọ́ sí. Lẹ́yìn tó kú, a ṣí àpótí irinṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà. Sípánà méjì ló wà níbẹ̀, àti rìsíìtì owó ilé ìwé wa, gbogbo rẹ̀, ó ká wọn sínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa wọ́n.

Lẹ́yìn àwọn bàbá yẹn ni ọ̀kadà dé. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Olóyè Gabriel Igbinedion dá Okada Air sílẹ̀ ní 1983, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí nǹkan le ní àárín àwọn ọdún 1980, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, alùpùpù tó wà fún lílọ ibi iṣẹ́ wá di iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ará ìlú rí i pé ó ń fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n bá fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó wà níwájú wa yìí, tó kọjá Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀, tó dé Kútọnu, á bá zémìjàn nínú aṣọ aláwọ̀ ìyeyè. Èdè Fọ̀n ni, ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá." Orúkọ méjì, ojú kan náà ni wọ́n fi wò ó.

A ti rí ẹ̀rín nínú rẹ̀, a ti rí ẹkún. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1988, ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ dé akoto, àwọn ènìyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dé igbá. Igbá tí a fi ń bu omi! Àwọn mìíràn dé ìkòkò. Ayé gbọ́, ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé wọ́ọ̀dù àwọn tó fọ́ egungun rí kò ní rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ìjọba Èkó sì ti fi òfin lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà púpọ̀, ní 2012, ní 2020, ní 2022. Mo mọ ìdí òfin náà, mi ò sì ta kò ó. Ṣùgbọ́n mo jókòó sí ẹ̀yìn káńtà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọ̀kan nínú àwọn òfin wọ̀nyẹn, mo rí àwọn ọkùnrin tó wá kó owó àjọ wọn tán, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tí wọ́n ń ka á lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ọmọ ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wa.

Alùpùpù ńlá ló ní, èyí tó ń dún bí àrá. Gbogbo Festac ló gbọ́ ọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó máa ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí, á gba Àgbádárìgì lọ, á padà dé kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jí. Ìlànà tó fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì rí i kó rú u. Nígbà tí Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù kúrò ní London ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, tó dé Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, nítorí ìjàkadì láti mú àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò láyé, ọ̀rẹ́ wa ń tẹ̀ lé e lójoojúmọ́ lórí fóònù. Ó ń sọ fún wa lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ibi tó dé, bí ẹni pé òun ló fún un lówó epo. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì! A bi í pé ìgbà wo ni tirẹ̀. Ó ní, "Tí ọmọbìnrin mi bá wọ yunifásítì." Ó rò pé àkókò wà.

Akoto kékeré kan wà tó rà fún ọmọ yẹn, aláwọ̀ osùn. Ó máa ń gbé e yí inú Festac ká ní ọjọ́ ọlúde, wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kẹ̀kẹ́ ológeere ń yà á sílẹ̀. Ọkùnrin tó lè sáré bí ìjì! Ó máa ń wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò ní ìpàdé àwọn òbí, nítorí náà ló ṣe máa ń pẹ́, nítorí náà náà ni Akápò ṣe máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Akápò, mo rò pé ó yẹ kí ẹ ṣírò owó náà kí ẹ dá a padà fún ìyá ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn kan nínú àlejò wa lè máa rò pé alùpùpù ló pa á. Rárá. Àìsàn ni, kò sì pé oṣù méjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọkùnrin gbọ́ nìyí. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Nínú iṣẹ́ mi, mo mọ bí opó ṣe máa ń wọlé. Wọ́n á mú ìwé ẹ̀rí ikú àti fọ́tò dání, wọ́n á ní àwọn kò mọ iye àkáǹtì tí ọkọ àwọn ní. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní, "Orúkọ mi ló kọ síbẹ̀ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù." A ó wá ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ yẹn kò ní kí a san owó náà fún wọn. Ẹni tí báńkì yóò pè nìyẹn, kì í ṣe ẹni tí yóò jogún. Bí ọkọ kò bá fi ìwé ìhágún sílẹ̀, wọ́n ní láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ láti máa ṣàkóso ohun ìní òkú. Ó ń gba àkókò, ó ń gba owó, ó sì ń gba pé kí àwọn ará ilé ọkọ má bá wọn jà. Mo ti rí ẹni tó sọkún lójú mi, mi ò sì ní agbára láti ṣe ju pé kí n fún un lómi mu.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa kò wọlé bẹ́ẹ̀. Fáìlì kan ló mú dání. Ìwé ìhágún wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò ti fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan pé ilé iṣẹ́ òun ní láti san owó ìbánigbófò ẹ̀mí. Ìyẹn tọ̀nà, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe ìbánigbófò fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ọ̀pọ̀ opó ni kò mọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kì í sì í yára sọ. Ní ìsàlẹ̀ fáìlì náà ni ìwé alùpùpù wà, ó kọ orúkọ ẹni tó máa rà á sí i, ó kọ iye tí kò gbọ́dọ̀ dín sí i, ó ní kí wọ́n má tà á fún èmi, nítorí pé mi ò mọ̀ ọ́n gùn.

Mo rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kìíní tí mo rí i kó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìsìnkú nìyẹn.

Ọmọbìnrin náà ti ń múra ìdánwò JAMB. Owó ilé ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. Akoto kékeré yẹn kò wọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wọn, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí i.

Alága, mo ti bá ìgbìmọ̀ alákòóso sọ ọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé kí n kéde rẹ̀ níbí. Akọ̀wé ti tẹ fọ́ọ̀mù kan, ojú ewé méjì péré. Kò bèèrè iye owó tí ẹ ní, kò sí ẹni tó fẹ́ mọ̀. Ó ń bèèrè pé: ṣé ẹ ti ṣe ìwé ìhágún, ta ni agbẹjọ́rò yín, ibo ni ìyàwó yín yóò ti rí ìwé ilẹ̀, ibo ni owó ìfẹ̀yìntì yín wà. Ẹ ó kọ ọ́ nílé, lójú ìyàwó yín, ẹ ó fi í sínú àpòòwé, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ pa, ọwọ́ ìyàwó yín ni yóò wà, ẹ̀dà kan yóò wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Àwọn tó wà ní òkè òkun nínú wa, a ó fi tiwọn ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tó ń gun alùpùpù ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo mọ̀ yín, ẹ mẹ́fà ni ẹ. Tiyín ni a ó kọ́kọ́ gbà.

Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń pín ìwé ìrántí. Ẹ mú ọ̀kan kí ẹ tó lọ síbi àmàlà.